Ohun Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Ṣíìfù

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ tó ń ṣe fáàrí la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, pé kó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àkísà àgbà náà dáadáa. Ẹni tí kì í tètè ju nǹkan nù ló ń ní àkísà púpọ̀. Ó wọ aṣọ náà gbó, ó lẹ̀ ẹ́, ó fi ṣe ìbora, ó fi gbé ọmọ pọ̀n, ó wá fi ṣe òṣùká nígbẹ̀yìn. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé òṣìṣẹ́ ní Ọ̀tà ń fẹ́, kì í ṣe lórí aṣọ nìkan, lórí àkókò pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ ti gé ibi tó dára jù nínú ọjọ́ lọ. Ìyókù la fi ń sùn, òun la fi ń tọ́mọ, òun náà la fi ń jẹ́ tọkọtaya.

Ẹni tó bá dúró lábẹ́ afárá Sàngó ní Ọ̀tà ní ìdájí yóò rí ohun tí mò ń wí. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti àwọn tó ń ti òru bọ̀ a máa kọjá lára ara wọn, bí ẹni tó ń pààrọ̀ àga tí kò tíì tutù. Kórópe ń pe Àtàn, Márúwá ń já àárín ọkọ̀ akẹ́rù kọjá lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ọ̀nà Abẹ́òkúta ti kún títí dé Tóògéètì. Nígbà kan rí, ilẹ̀ àgbẹ̀ Àwórì ni gbogbo ibẹ̀, àwọn agbẹ́gilére Ọ̀tà sì gbajúmọ̀ fún ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń gbẹ́. Oòrùn ló ń lé àgbẹ̀ wálé. Ẹ̀rọ tó ń yọ́ irin tàbí tó ń rọ ike kò mọ oòrùn, tọ̀sán tòru ló ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń dúró tì í sì gbọ́dọ̀ sọ òru rẹ̀ di ọ̀sán.

Oorun ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń jí lọ́wọ́ ara wa. Àwọn dókítà ní ó kéré tán, àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 nínú ọ̀sán àti òru kan. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ẹni tó kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ laago 7 àárọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá dúró, tó wọlé laago 9, tó wẹ̀, tó mu ẹ̀kọ, aago 10 ti lù kó tó dùbúlẹ̀. Bó bá gbọ́dọ̀ tún jáde laago 5 ìrọ̀lẹ́, wákàtí 7 péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, a ò tíì yọ ti ọmọ tó ń ké, a ò tíì yọ ti aládùúgbò tó ń tan rédíò. Kò sí ìṣẹ́jú kan tí a lè fi ṣòfò níbẹ̀.

Ìsinmi ni oògùn àárẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba oògùn náà jẹ́. Ohun tó ń lé oorun nínú obì kan náà ló wà nínú kọfí, òun ló sì wà nínú àwọn ohun mímu alágbára tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́. Ó ń gbà tó wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Obì tí a jẹ laago 4 ìdájí, ìdajì rẹ̀ ṣì ń bá ojú ṣọ́nà laago 9 tí à ń wá oorun kiri. Kí ẹni tó fẹ́ jẹ obì jẹ ẹ́ níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó fi omi lásán bá òru yòókù.

Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀. Ẹwà la fi ń ra kọ́tìnì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì máa ń rí. Ẹ wá ìró ògbólógbòó méjì tó dúdú, ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì, ẹ rán etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ẹ wá ṣẹ́ etí òkè kó fẹ̀ tó ìka méjì kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìrọ̀lẹ́ kan ni iṣẹ́ náà, kódà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní maṣíìnì. Yàrá á ṣókùnkùn laago 10 àárọ̀ bíi pé ilẹ̀ kò mọ́.

Ti ariwo ló le jù nílé fési-mí-n-fési-ẹ, níbi tí yàrá mẹ́wàá ti dojú kọra. Ẹ so aṣọ kan mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, kí gbogbo ilé mọ̀ pé bí wọ́n bá ti rí i, ẹnìkan ń sùn. Aṣọ kò ní ẹnu o, ẹ ṣì máa fi ẹnu kún un.

“Ìyá Kàsíímù, ẹ jọ̀ọ́ mà, bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òru dé ni. Ẹ bá wa dín rédíò yẹn kù díẹ̀.”

“Háà, ẹ má bínú, a ò mọ̀ ni.”

Lọ́jọ́ tó bá wá kan ilé Ìyá Kàsíímù láti sùn lọ́sàn-án, ẹ̀yin náà ẹ má gbé odó síta laago 10.

Kí n tó kúrò lórí oorun: jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé. Kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì tó ń jáde nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ pé òun ń mí i sínú. Ó lè pa odindi ìdílé lóru ọjọ́ kan.

Níbi iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìsinmi kì í ṣe àánú ọ̀gá. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1974. Apá 13 nínú rẹ̀ ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tó pé wákàtí 1 lápapọ̀, kó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan tó pé wákàtí 24 láàárín ọjọ́ 7. Apá 18 fún ẹni tó ti lo oṣù 12 ní ìsinmi ọdún, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6, pẹ̀lú owó. Apá 54 ní kí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn gba ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nítorí ọmọ náà. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: òṣìṣẹ́ káṣúà wo ló fẹ́ ka apá 54 sí ọ̀gá létí? Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n a lè gbé e fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí wọ́n bá a sọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a máa dúpẹ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilé náà ní ọ̀gá tirẹ̀, tí ìwà rẹ̀ sì le ju ti ilé-iṣẹ́ lọ nígbà mìíràn. Obìnrin tó ti dúró nídìí ẹ̀rọ láti òwúrọ̀, tó délé tó bá abọ́ àná, aṣọ ọmọ àti ìkòkò òfìfo, ṣíìfù kejì ló wọ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó máa sanwó rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Nínú ilé tí tọkọtaya jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kó gbé omi kaná, ìbáà ró ìró, ìbáà wọ ṣòkòtò. Kí a lọ ata ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀, kí a sè é gbẹ, kí a dín in jinná, kí a máa mú díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ tó bá ní òun ò mọ ọbẹ̀ sè lè gé ẹ̀fọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wá kù. Wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Igba ènìyàn ọ̀hún ò sí ní Sàngó mọ́. Ìyá àgbà wà lábúlé, ẹ̀gbọ́n wà ní Ìbàdàn, ilé-ìwé sì ti parí tipẹ́ kí ṣíìfù ọ̀sán tó parí. Ẹni méjì tí a yàn pẹ̀lú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sàn ju igba tí a kàn gbójú lé lọ. Ẹ wá wọn ládùúgbò, ẹ bá wọn sọ wákàtí tí ọmọ á lò lọ́dọ̀ wọn, oúnjẹ tó máa jẹ, ẹni tó lè wá mú un àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ mú un. Kí ẹ fún wọn ní nǹkan lóṣù, bó ti wù kó kéré. Ìtọ́jú ọmọ tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣeé bèèrè ìjíhìn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Ẹjọ́ ọmọ, ẹ má dá a lẹ́nu ọ̀nà. Òbí tó ti dúró fún wákàtí 12, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí wọ́n bá sọ fún un pé Táyọ̀ ọmọ rẹ̀ fọ́ gíláàsì, kì í ṣe nítorí gíláàsì nìkan ló máa fi na Táyọ̀. Á na kọ̀ndọ́ ọkọ̀, á na ọ̀gá, á na ọ̀nà Ìdí-Ìrókò mọ́ ọn. Sùúrù ni baba ìwà. Kí wọ́n fún yín lómi, kí ẹ jẹun, kí ẹ jókòó, kí ẹ wá pe Táyọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ó di ọjọ́ kejì.

Àwọn kan á máa rò ó pé ibo ni àkísà wá wọ̀ ọ́, nígbà tí òkìríkà wà káàkiri Sàngó. Kì í ṣe tálákà nìkan ló ń lẹ̀ aṣọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí wọn aṣọ fún ará ìlú lọ́dún 1941, nígbà tó sì di 1943, wọ́n tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan, Make Do and Mend, tó ń kọ́ olówó àti mẹ̀kúnnù bí a ṣe ń sọ ògbólógbòó di ọ̀tun. Ọgbọ́n kan tí àwọn ìyá ibẹ̀ mọ̀ dáadáa bá ilé wa mu. Àárín aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ló ń kọ́kọ́ fẹ́lẹ́, nítorí ibẹ̀ là ń sùn sí. Ẹ gé e sí méjì láti òkè délẹ̀, kí sísọ́ọ̀sì gba àárín gan-an. Ẹ wá yí i padà: etí méjèèjì tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé rí, ẹ rán wọn pọ̀ kí wọ́n di àárín. Ibi tó fẹ́lẹ́ ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn, ẹ ṣẹ́ ẹ létí, ẹ ki í bọ abẹ́ fóòmù. Kí ojú rírán náà tẹ́ pẹlẹbẹ kó má máa ta ẹni tó ń sùn.

Àwọ̀n ẹ̀fọn náà ń fẹ́ abẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n fi oògùn sí lára láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ṣe kó lè fara da fífọ̀ bí ìgbà 20 àti lílò bí ọdún 3. Ibòji là ń sá a sí, oòrùn ń ba oògùn ara rẹ̀ jẹ́. Ihò tó gba ìka kan lónìí, bó bá di oṣù tó ń bọ̀, orí ọmọ á gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má fa òwú le tí ẹ bá ń rán an, kó má baà súnkì kó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Yunifọ́ọ̀mù ńkọ́? Nígbà tí télọ̀ bá ń rán an, ẹ ní kó fi ìka mẹ́rin sí ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀. Ọmọ á ga, ẹ ó tú ìṣẹ́tí náà sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní sí pé ẹ ń ra tuntun.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ ọdún 7 lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì dá ju tiwa lọ. Tó bá pé ọdún 9, ẹ kọ́ ọ ní bọ́tìnì. Kó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sí àárín bọ́tìnì àti aṣọ, kó rán an ní ìgbà mélòó kan, kó yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ náà, kó wá fi òwú yí ìdí bọ́tìnì ká kó tó so ó. Bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ á ní ọrùn, kì í tètè já. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Àwọn ọkùnrin ló ń rán agbádá ayé àtijọ́, àwọn náà ló ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ: ẹ ka iye abẹ́rẹ́ tó jáde nínú agolo, ẹ kà á padà kí ẹnikẹ́ni tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún òbí tó ń ṣe ṣíìfù nítorí nǹkan kan. Ọmọ tí a bá tẹjú mọ́, tí a ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níléèwé, “Kò sí nǹkan kan, mọ́mì” ló máa sọ. Bí ojú òun àti ti ìyá rẹ̀ bá jọ wà lára aṣọ, ẹnu rẹ̀ á ṣí fúnra rẹ̀. Ààbọ̀ wákàtí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó.

Èyí tó kù ni Sátidé, tí òde ń jí kó. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni òfin sọ owó oṣù tó kéré jù di náírà 70,000. Aṣọ ẹbí kan, gèlè rẹ̀, owó télọ̀ àti owó ọkọ̀ lè gbé apá ńlá nínú rẹ̀ lọ, kó tún gbé ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo tó wà lọ́sẹ̀ mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ẹbí kì í sì í gbàgbé ẹni tí kò wá. Bí ìwé ìpè bá dé, ẹ kọ́kọ́ wo rósítà kí ẹ tó dáhùn. Bó bá jẹ́ ẹni tí a ò lè pa tì, ẹ ra fìlà tàbí gèlè nìkan, ẹ wọ funfun tó ti wà nínú àpótí, ẹ fi owó tó kù ṣe olóde lóore. Ẹ tètè lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín, ẹ jẹun, kí ẹ sì ti wọ mọ́tò Sàngó kí eléré tó bẹ̀rẹ̀ sí í yin àwọn olówó.