Ìjọ Ẹni gẹ́gẹ́ bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìrẹ̀lẹ̀

Fún kíkà: Lúùkù 14:7-11, Jòhánù 13:1-17, 1 Kọ́ríńtì 12:12-27, Fílípì 2:1-11.

Nínú gbogbo ìwà tí ó yẹ Kristiẹni, kò sí èyí tí ó ṣòro láti wọ̀n bí ìrẹ̀lẹ̀. Ẹni tí ń ṣe oore mọ̀ pé òun ń ṣe oore. Ẹni tí ń gbààwẹ̀ mọ̀ pé ebi ń pa òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Mo ti di onírẹ̀lẹ̀ wàyí," ìgbéraga ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ ọ́. Níbo ni a ti ń kọ́ ìrẹ̀lẹ̀, nígbà náà? Àwọn mìíràn nínú wa rò pé nínú yàrá ni, níbi tí ènìyàn gbé ń dá ka Bíbélì, tí ó sì ń dá gbàdúrà. Àdúrà ìkọ̀kọ̀ dára. Olúwa wa fúnra rẹ̀ ni ó pa á láṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tí ó dá wà kò ní ẹni tí yóò ta kò ó, kò ní ẹni tí yóò ní sùúrù fún, kò sì ní ẹni tí yóò jókòó sí ipò tí ó ga ju tirẹ̀ lọ. Ó lè máa pe ara rẹ̀ ní onírẹ̀lẹ̀ fún ogún ọdún láìsí ohun kan tí ó dán an wò. A fẹ́ fi hàn nínú ẹ̀kọ́ yìí pé ìjọ àdúgbò wa, pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tí a mọ orúkọ wọn, ni ọwọ́ tí Ọlọ́run ń lò láti gbẹ́ wa.

Ìkíní: Ìjọ mú wa bá ẹni tí a kò yàn jókòó.

A ń yan ọ̀rẹ́, a kì í yan ará. Nínú ẹgbẹ́, ojúgbà ni ó ń wá ojúgbà: akọ̀wé a wá akọ̀wé, oníṣòwò a wá oníṣòwò. Ìjọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìjọ àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1846 ni Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther dé ìlú náà láti dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀. Àwọn Sàró tí wọ́n ti Sierra Leone padà wálé wà nínú àwọn tí ń péjọ. Àwọn kan nínú wọn mọ̀wé, wọ́n sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará ilé tí wọn kò rí òkun rí, tí wọn kò sì mọ ìwé kà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nínú wọn ni ìyá Crowther wà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Afala. Ní ọdún 1821, nígbà tí a kó ìlú Òsoògùn lẹ́rú, ni a yà á kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni ó tó tún fi ojú kàn án ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọmọ tí ó sọnù ti di àlùfáà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá yìí pẹ̀lú àwọn àkọ́so ìjọ náà, a sì sọ ọ́ ní Hánà. Ẹ rò ó wò: ìyá àgbà di akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìjọ tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, olùkọ́ náà, ẹ̀wẹ̀, kò lè gbàgbé pé ẹni tí ó pọn òun ni ó jókòó níwájú òun. Ta ni nínú àwọn méjèèjì ni yóò gbéra ga sí èkejì? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìkejì: Ìjọ ń fi àìní wa hàn wá.

Pọ́ọ̀lù Mímọ́ fi ìjọ wé ara tí ó ní ẹ̀yà púpọ̀, tí ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Òtítọ́ yìí rọrùn láti kọ sínú ìwé ìdánwò; ibi ìfidánrawò orin ni a gbé ń mọ bí ó ti rí. Níbẹ̀, ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí lè jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ ń yẹ̀, kí káfíńtà tí kò pẹ́ ní ilé-ìwé sì jẹ́ ẹni tí yóò mú un padà sí ojú ohùn. Níbi ìpàdé àdúrà, ìyá àgbà tí kò ka ojú ìwé kan rí a kúnlẹ̀, yóò sì bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni àwa tí a gba máàkì púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì yóò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a mọ̀ nípa Ọlọ́run, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ Ọlọ́run.

Kí a má ṣe ṣi èyí gbọ́ o. Bí olùkọ́ bá sọ pé òun kò mọ̀wé nígbà tí ó mọ̀wé, irọ́ ni ó pa, kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ni kí ó mọ ohun tí a fi fún òun, kí ó mọ ohun tí a fi fún ẹlòmíràn, kí ó sì fi ayọ̀ gba ti ẹlòmíràn.

Ìkẹta: Ìjọ ń fún wa ní iṣẹ́ tí kò ní ìyìn.

Ní alẹ́ tí a ó fi Olúwa wa hàn, ó di àmùrè, ó bu omi, ó sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n nínú ìjọ: gbígbá ilẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, lílu agogo, títo àga, bíbẹ aláìsàn wò, jíjókòó ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. A kì í ka orúkọ ẹni tí ó ṣe wọ́n láti orí pẹpẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa dìde wàrà bí a bá ń wá ẹni tí yóò ka ẹ̀kọ́ kíkà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ẹni tí yóò gbé àga, a rántí pé a ní iṣẹ́ ní ilé. Níbẹ̀ ni a gbé ń mọ ara wa.

Ìkẹrin: Bí ìjọ bá ṣẹ̀ wá ńkọ́?

Ìbéèrè yìí wúwo, kò sì yẹ kí a fò ó. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Nígbà tí ó di arúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé sí agbègbè odò Ọya, wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń yọ wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Oníṣà ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, bíṣọ́ọ̀bù tí ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún yìí gbèjà àwọn ènìyàn rẹ̀ ní gbangba. Nígbà tí wọn kò gbọ́, ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ìjọ sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni ó kú sí ní Èkó, ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níhìn-ín. Èkíní, ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ojo. Ẹni tí ó dákẹ́ nígbà tí a ń rẹ́ aláìlágbára jẹ, nítorí kí a lè máa pè é ní ènìyàn jẹ́jẹ́, orúkọ ara rẹ̀ ni ó ń tọ́jú. Èkejì, ìjọ pàápàá ní láti kọ́ ìrẹ̀lẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí a ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, a ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, Justin Welby, tí í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà níbẹ̀ nígbà náà, sì tọrọ àforíjì nítorí ìyà tí a fi jẹ ẹ́. Ó dára pé a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ ti sùn tipẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa tètè tọrọ àforíjì nínú ìjọ wa, nígbà tí etí tí yóò gbọ́ ọ ṣì wà láàyè.

Ìlò ẹ̀kọ́ yìí.

Àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ wà nínú ewu kan. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, àwọn ọmọdé ni yóò máa dìde kí wa, ọ̀rọ̀ wa ni abẹ gé ní iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí a kò bá ní ibi kan tí àwa pẹ̀lú ti ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, láìpẹ́ a ó bẹ̀rẹ̀ sí bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ kíláàsì wa ni wọ́n. Nígbà tí a bá dé ìlú tí a rán wa sí, kí a fi orúkọ wa sílẹ̀ ní ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́. Kí a wọ kíláàsì Bíbélì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, kí a tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Kí a sì bẹ àgbà kan níbẹ̀ pé, bí ó bá rí wa tí a ń ṣì í ṣe, kí ó pè wá sí kọ̀rọ̀ kí ó sọ fún wa. Kí Olúwa tí ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wa kí ó fún wa ní etí láti gbọ́ ọ.

Fún ìjíròrò:

1. Ta ni nínú ìjọ wa tí ó ṣòro fún wa jùlọ láti gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. Iṣẹ́ wo nínú ìjọ ni a kò tí ì dáwọ́ lé rí, nítorí pé kò ní ìyìn?

3. Báwo ni a ṣe lè sọ òtítọ́ fún aṣáájú ìjọ láìṣe aláfojúdi, láìsì ṣe ojo?