Ọ̀nà 16 tí a lè gbà tẹ ‘ẹ̀kọ́’: Ọ̀rọ̀ lórí àtúnyẹ̀wò ìdánwò orí kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí á wo ìdí tí ìdáhùn tó tọ́ fi lè gba òdo nínú ìdánwò èdè Yorùbá tí a ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

1. Iṣẹ́ alátùnyẹ̀wò

Olùkọ́ kan a kọ ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀. Olùkọ́ kejì a yẹ̀ wọ́n wò kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò, a tún wo díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí a ti máàkì, bóyá ó tọ́. Òun ni alátùnyẹ̀wò. Lórí ìwé, ojú ni ó fi ń kà á. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ máàkì ìdáhùn kúkúrú: ó ń fi ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ wé ohun tí olùkọ́ tẹ̀.

2. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní ojú

Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń kà. Nínú Unicode, ‘ẹ’ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Bẹ́ẹ̀ ni ‘è’ ní tirẹ̀, U+00E8. Ṣùgbọ́n ‘ẹ̀’ lódindi kò ní. A ní láti tò ó pọ̀, ọ̀nà mẹ́rin ni ó sì wà:

– ẹ, kí àmì ohùn tẹ̀ lé e;
– è, kí àmì abẹ́ tẹ̀ lé e;
– e, àmì abẹ́, àmì ohùn;
– e, àmì ohùn, àmì abẹ́.

‘Ọ́’ náà ní mẹ́rin. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 16. Lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé, ‘è’ ní bọ́tìnnì tirẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti tẹ̀ ẹ́ kí a tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lè ti ‘ẹ’ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ojú rí. Ẹ̀rọ tí a kò kọ́ lè sọ pé ọ̀kan kùnà.

3. Ohun tí ó yẹ kí alátùnyẹ̀wò rí

Bí òdo nìkan bá hàn án, yóò rò pé akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ àmì ohùn. Ó yẹ kí ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn olùkọ́, kí alátùnyẹ̀wò sì lè tún máàkì ṣe fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

4. Oògùn búburú àti oògùn rere

Àwọn kan á ní kí ẹ̀rọ pa gbogbo àmì rẹ́ kí ó tó wò ó. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ tí a ń fi àkàrà jẹ yóò di ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́! Ìdánwò ti bàjẹ́ nìyẹn. Oògùn rere ni ìlànà Unicode tí a ń pè ní NFC: bí a bá lò ó fún ìdáhùn méjèèjì kí a tó fi wọ́n wéra, ọ̀nà 16 náà á di ẹyọ kan, àmì ohùn kò sì ní sọnù.

5. Tiwa ní Bénin

Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bénin, tí a gbé kalẹ̀ ní 1975, ń lo ɛ àti ɔ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà tẹ ‘ɛ̀kɔ́’. Ṣùgbọ́n NFC kì í sọ ɛ di ẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ kp di p tàbí sh di ṣ. Bí a bá gba irú àkọtọ́ méjèèjì láàyè, àfi kí olùkọ́ kọ méjèèjì sínú ìdáhùn rẹ̀, kí alátùnyẹ̀wò sì rí i dájú kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdánrawò: Ọ̀nà mélòó ni a lè gbà tẹ ‘ọkọ̀’? Ìdáhùn: 8. ‘Ọ’ àkọ́kọ́ ní méjì, ‘ọ̀’ ìkẹyìn ní mẹ́rin.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ bèèrè fún ìdánwò àyẹ̀wò kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ fi kíbọ́ọ̀dù tí ẹ máa lò gan-an tẹ ọ̀rọ̀ kan tó ní àmì wò. Bí máàkì bá sì yà yín lẹ́nu, ẹ má dákẹ́: ẹ fi ọ̀wọ̀ ní kí alátùnyẹ̀wò wo ohun tí ẹ tẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n.