Mọ́tò Tó Ń Gbọ̀n Tó sì Ń Kú Lójú Kan: Ẹ̀kọ́ Lára Pijó 504

Ẹ̀kọ́ tiwa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí olùkọ́ yóò bi wá nínú ìdánwò. Ó dá lórí mọ́tò àtijọ́ tó ń lo bẹntiróòlù, tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ bí a bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù. Yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, lẹ́yìn náà yóò kú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti wọ̀ relé nígbà ìsinmi, àwọn mìíràn nínú wa sì ń wà á.

Pijó 504 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1968 ni wọ́n gbé e jáde nílẹ̀ Faransé, láti 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná, níhìn-ín ní Òkè Ọya tí a ti ń kàwé. Wọn kò tò ó mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n èyí tó kù lójú ọ̀nà kò tíì tán. Sìlíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún púpọ̀ nínú wọn, kọ́ntáàtì inú dísítríbútọ̀ ló sì ń pín iná. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Ojú, etí àti ọwọ́ tó láti fi mọ àrùn rẹ̀, bí ènìyàn bá ní sùúrù.

Àwa kò ní sùúrù yẹn níbẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa ló fún wa ní 504 kan láti máa fi kó ìlù àti aṣọ ijó. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní púlọ́ọ̀gì ni, a ra mẹ́rin. Èkejì ní kọ́ìlì àti kọ́ntáàtì ni, a dá owó, a rà á. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ ra nǹkan kan. Ó mú sìkúrúdiráfà, ó yí síkúrù síló sókè títí ẹ́ńjìnnì fi ń ké bí ẹni tó ń sáré, ó ní ó ti tán. Lóòótọ́, gbígbọ̀n náà dínkù. Lọ́jọ́ kẹrin, bí a ti ń bọ̀ láti òde eré, ọkọ̀ kú bí ẹni tó ń wà á ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù nígbà tí a sún mọ́ oríta. Ó tẹ bírékì, pẹ́dà le bí òkúta. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi tẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ tó dúró, kò sì ju ìṣísẹ̀ kan lọ sí ibi tí ìyá kan jókòó sí tó ń din kọ́sáì. Epo gbígbóná wà níwájú rẹ̀. Ìyá náà kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn ń wò wá.

Láti ọjọ́ náà ni a ti jókòó kọ́ iṣẹ́ yìí, ohun tí a rí kọ́ sì nìyí.

Kí ẹ tó tú síkúrù kan, ẹ bi ọkọ̀ léèrè ìgbà tó ń kú. Bó bá jẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́ nìkan ni, tó sì dára bí ara rẹ̀ bá ti yá, ẹ wo ṣóòkì. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìrìn gígùn nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ni, tí kò sì fẹ́ jí mọ́, ẹ rẹ àkísà sínú omi, kí ẹ fi wé púńpù epo àti páìpù rẹ̀. Bó bá jí láìpẹ́, epo ló hó nínú páìpù tó di oru. Bí kò bá jí, ẹ wo iná, nítorí kọ́ìlì tàbí kọńdẹ́ńsà tó ń ṣàìsàn a máa kọ iṣẹ́ bó bá gbóná, a sì tún máa ṣe é bó bá tutù. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bírékì ló ń gbọ̀n jù, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta péré ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́: iná, epo àti afẹ́fẹ́. Iná la máa ń kọ́kọ́ wò, torí pé kò náni lówó. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí iná búlúù kéékèèké tó ń ta lára wáyà púlọ́ọ̀gì, wáyà náà ti là. Lẹ́yìn náà, ẹ fi púláyà tó ní rọ́bà lọ́wọ́ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá a padà kíákíá. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un. Èyí tí ẹ yọ tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà, ibẹ̀ ni ọ̀lẹ wà. Ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, fánù kò mọ ọmọ aláṣọ.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò pẹ̀lú. Èyí tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ amọ̀ ń ṣe dáadáa. Èyí tó dúdú, tó gbẹ bí èédú, epo ló pọ̀ jù fún un, ó sì lè jẹ́ pé eruku ọyẹ́ ló dí fílítà afẹ́fẹ́. Èyí tó tutù fún epo ẹ́ńjìnnì, ìṣòro rẹ̀ wà nínú ikùn, owó ńlá ni. Èyí tó funfun, epo kò tó, tàbí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Funfun ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiwa, púlọ́ọ̀gì tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà! Kọ́ntáàtì ńkọ́? Àlàfo rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 0.4 mm lọ. Bó bá ti jó, tàbí tí ẹnu rẹ̀ pa pọ̀ jù, ọkọ̀ á máa gbọ̀n.

Ní ti epo, ẹni tó ń ra bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà mọ ohun tó ń rà. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ àwo kábúrétọ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, ibẹ̀ náà sì ni epo ti ń wọlé sí ẹ́ńjìnnì. Ihò tí epo síló ń gbà kọjá kéré púpọ̀, ìdọ̀tí bíńtín lè dí i. Nígbà náà, ọkọ̀ á máa sáré dáadáa bí ẹ bá tẹ tọ́rọ́tù, á sì kú bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Atẹ́gùn ni kí ẹ fẹ́ sí i. Ẹ má fi wáyà gún un, ihò náà á fẹ̀, epo á sì máa ṣòfò.

Wàyí o, afẹ́fẹ́, níbi tí tiwa wà. Ẹ rántí bí a ṣe ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fa omi mu ní kékeré. Bí ọ̀pá náà bá lu, ènìyàn á fà títí, afẹ́fẹ́ ni yóò máa bá lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ àti epo gba inú kábúrétọ̀. Bí ihò kan bá wà lẹ́yìn kábúrétọ̀, ìbáà ṣe lára gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí lára rọ́bà kan, afẹ́fẹ́ tí kò bá epo pàdé á máa gba ibẹ̀ wọlé. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ lójú kan ló ń gbọ̀n, tí kò gbọ̀n lórí eré? Ṣíbí omi kan nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìnáwó, ta ni yóò mọ̀? Ẹ da ṣíbí kan náà sínú ọbẹ̀ ẹnì kan, ó ti ṣàn. Lórí eré, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mu pọ̀ débi pé èyí tó ń jò wọlé kò já mọ́ nǹkan. Lójú kan, díẹ̀ ló ń mu, èyí tó ń jò sì ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mẹkáníìkì tó yí síló sókè kàn bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀ ni, ihò náà wà níbẹ̀.

Láti rí ihò náà, àwọn kan a máa da bẹntiróòlù sí ara ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè gbọ́ bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe yí. Iná ni wọ́n ń pè o! Omi ọṣẹ ni kí ẹ lò. Ẹ lu ihò sí ìdérí ike kan, kí ẹ fi omi ọṣẹ kán ibi tí páìpù afẹ́fẹ́ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì àti ìdí rọ́bà gbogbo, kí ara ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ibi tí omi bá kán sí tí gbígbọ̀n náà yí padà, ibẹ̀ ló ń jò. Ti rọ́bà tún rọrùn: ẹ fún un pa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí a ti fún rọ́bà tó lọ sí bírékì pa ni ẹ́ńjìnnì wa fara balẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n gbé lé ẹ̀yìn. A yí rọ́bà náà lójú dé, ó ti là lábẹ́ níbi tí ojú kì í dé. Fífà tí ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà yìí náà ni agolo dúdú tó wà lẹ́yìn bírékì ń lò láti ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Bó bá là, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, pẹ́dà á sì le. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni pẹ́dà ti ń le, a rò pé páàdì ló ti jẹ tán. Ẹjọ́ méjì la rò pé a ń rò, ẹyọ kan ni. Bó bá sì jẹ́ pé rọ́bà yín kò là, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ bírékì nìkan, ẹ wo agolo náà fúnra rẹ̀, awọ inú rẹ̀ lè ti ya.

Tokúnbọ̀ tí kò ní kábúrétọ̀ kò bọ́ nínú èyí. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ a máa gbìyànjú láti bo ihò náà mọ́lẹ̀, nítorí náà ó lè pẹ́ kó tó hàn, ṣùgbọ́n rọ́bà bírékì wà lára òun náà.

Owó rọ́bà tuntun kò tó owó púlọ́ọ̀gì kan nínú mẹ́rin tí a rà. A yí síkúrù síló padà sísàlẹ̀, torí bí ihò bá ti dí tí síló ṣì wà lókè, ọkọ̀ á máa sá lọ fúnra rẹ̀. Báyìí, kí a tó gbéra lọ sí ibikíbi, a máa ń pa ẹ́ńjìnnì, a ó tẹ pẹ́dà bírékì lẹ́ẹ̀marùn-ún títí yóò fi le, a ó fi ẹsẹ̀ lé e síbẹ̀, a ó wá ta ọkọ̀ jí. Bí pẹ́dà bá rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, a ó kó ìlù wọlé. Bí kò bá rì, a ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.