BÍ Ó TI YẸ KÍ OLÙKỌ́ MÁA BÁ ONÍRÚURÚ Ọ̀GÁ ṢIṢẸ́

A ń kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí bí a ti ń fi ìwé kíkà, ìṣirò àti ìtàn kọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rán wa jáde lọ dánra wò, ọ̀gá ni a kọ́kọ́ ń bá pàdé kí a tó rí ọmọdé. Bí ìka ọwọ́ kò ti dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá kò rí bákan náà. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò.

Ní sáà tí ó kọjá, a rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ìyànà Ìpájà. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá, àti pé àwọn tí ń ti Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún bọ̀ a máa pàdé níbẹ̀ ní òwúrọ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í fi àkókò ṣeré. Àṣẹ rẹ̀ ni pé bí aago mẹ́jọ bá ti lù, kí a ti géètì. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé, ìta ni yóò wà títí di àkókò ìsinmi. Ní ọjọ́ kẹta mi níbẹ̀, mo rí ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi, tí kò ju ọmọ ọdún 7 lọ, tí ó dúró ní etí ọ̀nà, tí àwọn dánfó sì ń sáré kọjá níwájú rẹ̀.

Inú bí mi. Mo wọ yàrá àwọn olùkọ́ lọ, mo sì sọ̀rọ̀ ọ̀gá láìdára. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ni ìyá àgbàlagbà kan, tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé tí ó ń máàkì, ó ní: “Ọmọ mi, ọ̀gá kò sí nínú yàrá yìí, ọmọ náà sì wà ní ìta síbẹ̀. Ta ni o ń bá sọ̀rọ̀?” Ojú tì mí, n kò sì rí èsì fọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó mú mi tún ìtàn Samuel Àjàyí Crowther yẹ̀ wò, ẹni tí a bí ní Òṣogùn. Mo rí i pé, ó kéré tán, irú ọ̀gá mẹ́ta ni ó bá ṣiṣẹ́.

Èkíní ni ọ̀gá tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́. Henry Venn ni èyí, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1841 títí di 1872. Ó gbàgbọ́ pé ènìyàn dúdú lè ṣe àkóso ìjọ ara wọn. Òun ni ó sì rọ Crowther, bí ó tilẹ̀ ń lọ́ra, títí a fi fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Júùnù 1864. Irú ọ̀gá yìí dùn ún sìn. Ṣùgbọ́n Venn kú ní 1873, Crowther kò sì ní alágbàwí bí tirẹ̀ mọ́. Ọ̀gá rere kì í wà títí. Iṣẹ́ tí a bá fi ojúrere rẹ̀ ṣe ni ó ń kù.

Èkejì ni ọ̀gá tí kò fẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn òun ga. Henry Townsend jẹ́ àgbà láàárín àwọn míṣọ́nnárì Abẹ́òkúta, òun àti Crowther ni wọ́n sì jọ dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1846. Síbẹ̀, ní 1851, ó kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù láti tako kí a fi ènìyàn dúdú jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Crowther sì jẹ oyè náà tán, a kò fi Abẹ́òkúta sí abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Odò Ọya ni a fà lé e lọ́wọ́. Crowther kò torí èyí fi ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá sílẹ̀. Odidi Bíbélì náà jáde ní 1884, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bá ọ du àga, má ṣe jẹ́ kí ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀gá tí ń dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ọ. Ní nǹkan bí 1890, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì dé sí Odò Ọya. Robinson tí ó jẹ́ akọ̀wé, àti Brooke, tí a kò tí ì bí nígbà tí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù, wà lára wọn. Ní ìpàdé tí a ṣe ní Onitsha ní oṣù Ògúsítì ọdún náà, wọ́n dá àwọn àlùfáà dúdú kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, Dandeson ọmọ Crowther sì wà nínú wọn. Baba tí ó ti tó ẹni 80 ọdún dìde níbẹ̀, ó sì bèèrè bóyá akọ̀wé nìkan ni ó ní agbára láti dá àlùfáà dúró. Nígbà tí wọn kò gbà á gbọ́, ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà 1891. Kò borí níbi ìpàdé náà. Ṣùgbọ́n ojú wọn ni ó ti sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn wọn.

Èmi pẹ̀lú sì mú ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ márùn-ún mo kọ orúkọ ọmọ tí ó bá pẹ́, àkókò tí ó dé, àti ibi tí ó ti ń bọ̀. Nínú ọmọ 11, àwọn 8 ni ó ń ti òdìkejì ọ̀nà ńlá wá, tí òbí wọn sì ti lọ sí ibi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn tí a jáde, mo kan ilẹ̀kùn ọ̀gá, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fi ìwé náà hàn wọ́n.

Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣé ẹ ti fẹ́ gba àkóso ni?”

Mo dáhùn pé, “Rárá o, sà. Àṣẹ yín ni àṣẹ. Ẹ̀mí àwọn ọmọ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.”

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Nígbà náà ni wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí àwọn kọ́kọ́ dé, kò sí ọmọ tí ń dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, àti pé géètì yẹn ni àwọn fi tún ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe. N kò bèèrè ìdí yìí rí. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n pàṣẹ pé kí a máa ti géètì ní aago mẹ́jọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn tí ó bá pẹ́ máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú ọgbà, kí wọ́n sì fi àkókò ìsinmi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pàdánù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ni yóò gbọ́ bí eléyìí ti gbọ́. Onitsha jẹ́ ẹ̀rí fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bèèrè ìdí kí a tó bínú, kí a mú ẹ̀rí lọ dípò àròyé, kí a sì fi ọ̀wọ̀ sọ òtítọ́ níbi tí ọ̀gá yóò ti gbọ́ ọ. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Àwa náà yóò di ọ̀gá lọ́la. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan yóò sì kan ilẹ̀kùn wa.