ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ilẹ̀ Ẹbí, Ìwé Ìjọba

Ganmo wà lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàsẹ́-Ìpo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Ìlọrin ń fẹ̀ bọ̀ wá sí Ganmo, oko iṣu sì ń di púlọ́ọ̀tì. Níbi tí pèrègún ti ń pààlà tẹ́lẹ̀, òpó kọnkéré kékeré tí awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ ló kù.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bá ará ìlú mójú tó o. Gómìnà ló ń fúnni ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ìgboro. Ti ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ lè fúnni. Ṣùgbọ́n kí ni ká wá pe ìlú tó ń ti oko bọ́ sí ìgboro?

Nítorí náà, rìsíìtì tí olórí ẹbí fún ẹni tó ra ilẹ̀ nìkan kò tó. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ẹni tó ti ní ilẹ̀ ìgboro ṣáájú 1978 pàápàá gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà kó tó fi dúró fún owó tó yá. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀, owó ilé àti irúgbìn ni wọ́n ń san. Ilẹ̀ gbalasa kò ní iye kan tó jọjú. Èyí ló ń dun àgbẹ̀ jù, ó sì tọ́ kó dùn ún.

Ganmo tún ní ibùdó iná mọ̀nàmọ́ná ńlá. Mítà 50 ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún wáyà 330 kV, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó púlọ́ọ̀tì, ẹ gbójú sókè.