Òǹkà Ìyọ̀ǹda Ẹlẹ́kítíróònù: Kíkọ́ Ẹ̀kọ́ Oxidation Láti Ara Irin àti Bàbà

1.0 Ìfáárà
Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ètò náà fi hàn pé èdè Yorùbá tó fi kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́mísírì ilé-ẹ̀kọ́ girama ní àwọn èrò tí ọ̀rọ̀ fún wọn kò tíì fìdí múlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni oxidation. Bí olùkọ́ bá túmọ̀ rẹ̀ sí “gbígba ọ́síjìn” nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣìnà. Ohun tí iṣẹ́ yìí dábàá ni “ìyọ̀ǹda ẹlẹ́kítíróònù”.

2.0 Ohun tí ojú ń rí
Àdá tí a gbàgbé sínú òjò a máa dógùn-ún. Ohun pupa tí ó bò ó ni ìpáàrà. Bàbà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pẹ́ nínú ilẹ̀ tàbí nínú afẹ́fẹ́ tútù, ohun aláwọ̀ ewé ni ó máa ń bò ó. Ọ̀rọ̀ bàbà kò ṣàjèjì ní Ilé-Ifẹ̀: idẹ àti bàbà ni wọ́n fi rọ àwọn ère orí tí wọ́n hú jáde ní Agboolé Wúnmọníje ní ọdún 1938, bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà sì ni ìbòjú Ọbalùfọ̀n.

3.0 Òfin òǹkà
(i) Òǹkà èròjà tí ó dá wà jẹ́ 0.
(ii) Nínú àpapọ̀ èròjà, ọ́síjìn sábà máa ń jẹ́ −2; nínú hydrogen peroxide, −1 ni.
(iii) Háídírójìn sábà máa ń jẹ́ +1.
(iv) Bí a bá ro gbogbo òǹkà inú àpapọ̀ èròjà pọ̀, 0 ni yóò jẹ́.

Bí a bá yọ omi inú ìpáàrà sẹ́yìn, Fe₂O₃ ni. Ọ́síjìn mẹ́ta jẹ́ −6. Irin méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ +6, ẹyọ kan sì jẹ́ +3. Ohun aláwọ̀ ewé ara bàbà ni Cu₂CO₃(OH)₂. Ọ́síjìn márùn-ún jẹ́ −10, háídírójìn méjì jẹ́ +2, kábọ̀nù jẹ́ +4. Ó ku +4 fún bàbà méjì. Ẹyọ kan jẹ́ +2.

4.0 Ìdí tí òǹkà fi ń lọ sókè
Akẹ́kọ̀ọ́ a máa bèèrè pé: báwo ni òǹkà ohun tí ó pàdánù nǹkan ṣe ń pọ̀ sí i? Gbèsè ni kí olùkọ́ fi ṣe àpèjúwe, nítorí ẹlẹ́kítíróònù a máa gbé agbára iná òdì. Irin ní prótóònù 26, bí ẹni tí ó ní náírà 26; ó ní ẹlẹ́kítíróònù 26, bí ẹni tí ó jẹ gbèsè náírà 26. Ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ 0. Bí ẹlòmíràn bá bá a gba mẹ́ta nínú gbèsè náà rù, gbèsè ku 23, òǹkà rẹ̀ sì di +3. Síbẹ̀, ìṣirò lásán ni òǹkà yìí: nínú ọ̀pọ̀ àpapọ̀, ńṣe ni àwọn átọ̀mù jọ ń pín ẹlẹ́kítíróònù lò.

5.0 Ẹ̀rí pé kì í ṣe ọ́síjìn nìkan
Kí olùkọ́ ki ìṣó irin bọ omi copper sulphate, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí aró. Láìpẹ́, bàbà pupa yóò lẹ̀ mọ́ ìṣó náà, àwọ̀ omi yóò sì máa ṣá. Irin kúrò ní 0, ó di +2. Bàbà kúrò ní +2, ó di 0. Ọ́síjìn inú sulphate kò kúrò ní àyè rẹ̀, irin kò sì gba ọ̀kankan. Síbẹ̀ oxidation ti ṣẹlẹ̀, nítorí irin yọ̀ǹda ẹlẹ́kítíróònù méjì, bàbà sì gbà wọ́n. Kò sí ìyọ̀ǹda níbi tí kò bá sí ìgbàsí.

6.0 Àgbálọgbábọ̀
Orúkọ tí a bá fún èrò ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n. “Gbígba ọ́síjìn” lè ṣàlàyé àdá tí ó dógùn-ún, ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé ìṣó inú omi aláró. “Ìyọ̀ǹda ẹlẹ́kítíróònù” ṣàlàyé méjèèjì. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè àti olùkọ́ kẹ́mísírì jọ jókòó kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ kan lé ọmọ lọ́wọ́.