Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Kẹ̀kẹ́ Ológeere Rìnrìn Àjò

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," àwọn àgbà ti wí i tán. Síbẹ̀, bí ẹ bá wo bí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ń rọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo péré ló kù nílẹ̀ Yorùbá. Tírélà ń fun fèrè lẹ́yìn wọn, afẹ́fẹ́ bọ́ọ̀sì eléré ń tì wọ́n sínú koríko, èéfín ń wọ̀ wọ́n nímú. Wọ́n á délé tán, wọ́n á ní kẹ̀kẹ́ gígùn léwu. Ọ̀nà tí wọ́n mú ló léwu.

Ìmọ̀ràn mi kò díjú: ọ̀nà tí ẹni tó ń kánjú kì í gbà ni kí oníkẹ̀kẹ́ máa wá. Ọ̀nà àtijọ́ tó yí po, tó ń ti ọjà abúlé kan bọ́ sí òmíràn, tó jẹ́ pé àgbẹ̀ àti aláròóbọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, ìrìn kìlómítà 65. Nígbà tó bàjẹ́ kọjá ààlà, awakọ̀ tó bá rí ibòmíràn gbà kì í yà síbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún un ṣe, inú àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí Ìbàdàn dùn, ó sì tọ́ kó dùn. Àmọ́ bí ọ̀dà ṣe ń dán lórí rẹ̀ ni mọ́tò ń fò. Kí oníkẹ̀kẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, kó wá yà sọ́nà oko.

Òkè-Ògùn ni mo máa ń júwe fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le, nítorí ilẹ̀ ọ̀dàn tó tẹ́jú ló pọ̀ níbẹ̀. Igi ò dí, ojú ń ríran jìnnà, àpáta á kàn ṣàdédé yọrí láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo. Láti Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òkè, Adó-Àwáyè fi díẹ̀ lé ní 20 kìlómítà, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Òkè àpáta ńlá wà níbẹ̀, adágún omi Ìyákẹ̀ sì wà lórí òkè náà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun ìyẹn; ẹ fi kẹ̀kẹ́ síkàáwọ́ ẹnì kan nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún un ní nǹkan.

Ẹni tó bá rò pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ò ní wàhálà kò tíì pàdé ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ: níbi tí kò sígi tí yóò dáàbò boni, atẹ́gùn ni yóò fi ẹni tó múra hàn yàtọ̀ sí ẹni tó kàn gbéra. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹni tó bá kúrò ní Ìsẹ́yìn lọ sí Adó-Àwáyè nígbà náà, ẹ̀yìn ni atẹ́gùn yóò ti máa tì í lọ. Ara rẹ̀ á yá gágá, á máa rò pé òun ti di akọni, àfìgbà tó bá ṣẹ́rí padà tí atẹ́gùn kan náà wá dojú kọ ọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ yí ìrìn náà padà, kí atẹ́gùn wà níwájú nígbà tí agbára ṣì wà, kó sì wà lẹ́yìn nígbà tó bá ti rẹ̀ yín. Bí kò bá ṣeé yí, ẹ sùn síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi èyí tó pọ̀ nínú agbára yín pamọ́ de àbọ̀. Kùrukùru ọyẹ́ kì í sì í jẹ́ kí awakọ̀ ríran dáadáa, nítorí náà iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ kú kódà lọ́sàn-án.

Lórí òkè ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Ìgbájọ, Ìmẹ̀sí-Ilé, Òkè-Ìmẹ̀sí, títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, àwọn òkè tó gùn gbọọrọ lẹ́nu ààlà Ọ̀ṣun àti Èkìtì ló so wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì. Ọdún 1877 ló bẹ̀rẹ̀; Ìbàdàn dó sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹnì kan ò lè lé ẹnì kejì. Ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, síbẹ̀ ó di ọdún 1893 kí àgọ́ ogun tó tú. Òkè tó dá ọmọ ogun dúró fún ọdún 16, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun yóò fi ẹsẹ̀ méjì ṣẹ́gun rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan kó tó lọ jẹun.

Láti òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹni tí òkè ń bẹ níwájú rẹ̀, láti ilẹ̀ títẹ́jú ni kó ti yí jíà sí èyí tó fúyẹ́, kí ẹrù tó bọ́ sọ́rùn ṣéènì. Ẹni tó dúró di àárín òkè kó tó yí i, ṣéènì lè bọ́, ó sì lè já. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa yí wéréwéré, kí mímí yín ṣì jẹ́ irú èyí tí ẹ fi lè kí ìyá arúgbó tó ru igi bọ̀ láti oko. Bí ẹ ò bá lè kí i mọ́, ẹ ti ń sáré jù. Ẹ má sì tijú àtisọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ lọ. Àwọn tíṣà àtijọ́ tó ń gun Raleigh lọ sí abúlé kò rí jíà tòní lò. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ gun òkè, wọ́n sì dé iléèwé.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹ má di bíréèkì mú láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí ó máa ń gbóná, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ sì dín eré kù kẹ́ ẹ tó dé kọ́nà, torí lẹ́yìn kọ́nà gan-an ni ewúrẹ́ ń sùn sí lórí títì ọlọ́dà, ibẹ̀ náà ni àwọn ará oko ń sá kòkó àti èlùbọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ará Èkìtì ò ní fẹ́ gbọ́: ẹ má jẹ iyán lọ́sàn-án nígbà tí òkè ṣì kù níwájú. Iyán lóunjẹ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí ẹ ó sùn ni kẹ́ ẹ ti jẹ ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà, mọ́ínmọ́ín, àti omi díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ yín, ìyẹn tó gùnkè.

Nígbà mìíràn, ọjọ́ tí èèyàn mú ṣe pàtàkì ju ọ̀nà tó mú lọ. Ọ̀nà tó dákẹ́ rọ́rọ́ lánàá lè kún fọ́fọ́ lónìí bó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ọjà ọrọọrún ni ti ọ̀pọ̀ abúlé wa, kàlẹ́ńdà ò sì ní sọ ọ́ fún yín; ẹ bèèrè. Ní Sátidé, àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ wá sin òkú tàbí tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ti pẹ́, eré ni wọ́n sì ń sá. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni mo fara mọ́, láti ìdájí títí di ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ tú.

Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń fi ọkọ̀ rìn lápá ọ̀tún. Òótọ́ ni pé ó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, àmọ́ oníkẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀. Kó bá ọkọ̀ rìn lápá ọ̀tún.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ wo ẹnu tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó tín-ín-rín, tó wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ eré, ẹ̀rọ ìfẹ́táyà fọkanáísà abúlé kò bá a mu. Èyí tó dà bíi ti mọ́tò ni gbogbo wọn lè fẹ́. Táyà tó fẹ̀ dára fún ọ̀nà yangí ju táyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ẹ mú túúbù kan dání, àti páǹpù ọlọ́wọ́, àti lẹ́ẹ̀mọ́. Akoto kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Orí ni ẹ ó dé e mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, pátákó aláwọ̀ búlúù tó ní nọ́ńbà ló ń júwe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fún èèyàn. Níbí, ènìyàn ni pátákó wa, abèèrè ọ̀nà kì í sì í ṣìnà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ tó kí àgbà. Ẹni tó ti orí kẹ̀kẹ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ bàbá arúgbó, ìdáhùn tó bá rí gbà ló tọ́ sí i. Ẹ má kàn bèèrè ibi tí ọ̀nà já sí nìkan. Ẹ bèèrè ẹni tó gbà á lánàá àti bó ṣe bá a. Ọ̀rọ̀ ajínigbé kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n sí Erinmọ̀ àti agbègbè Ìtàwúrẹ́ ti gba orúkọ burúkú, bẹ́ẹ̀ bí ẹwà ilẹ̀ ni, ọ̀nà díẹ̀ ló jù ú lọ. Àwọn ọlọ́kadà, àwọn ọdẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn ló mọ bí ọ̀nà ṣe rí lójúmọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má lọ, ẹ má lọ, kódà kó jẹ́ pé ìdí òkè lẹ wà. Ẹ má dá rìn, ẹ jẹ́ kí ará ilé mọ abúlé tí ẹ ó gbà kọjá àti àsìkò tí wọ́n á máa retí yín, kẹ́ ẹ sì ti wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Oṣù Kọkànlá ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀: òjò ti ń dáwọ́ dúró, ọ̀nà oko ti ń gbẹ, ọyẹ́ kò sì tíì mú. Ẹ tètè gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ bá alátùn-únṣe kó tó dìgbà náà.